Dòdò tó Wọlé Lábẹ́ Ìborùn

Mo rántí ìgbà tí dòdò di èèwọ̀ nílé wa, ní Ìkirè tí àwọn èèyàn ti ń tọ̀nà jíjìn wá ra dòdò. Kíndìnrín bàbá mi ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà kìlọ̀ pé kí wọ́n jìnnà sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kíndìnrín wọn kò lè sẹ́ dànù mọ́. Tó bá gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn wọn dúró. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni, mo sì gbà pé mo gbọ́n. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń yẹ apẹ̀rẹ̀ àlejò wò.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò bàbá mi obìnrin wá kí wọn láti Àpòmù. Apẹ̀rẹ̀ wọn ṣófo, ó sì yà mí lẹ́nu, torí a kì í fọwọ́ lásán bẹ aláìsàn wò. Kí oòrùn tó rọ̀, ẹsẹ̀ bàbá mi kò gbé wọn mọ́, èémí wọn sì ń já. A sáré gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì bi wá pé, "Kí ni Bàbá jẹ lónìí?"

Ìyá mi ní, "Ẹ̀kọ ni."

Mo wo àbúrò bàbá mi. Wọ́n ń tú gèlè, wọ́n ń tún un wé. Mo fura, ṣùgbọ́n mi ò lè bi wọ́n. Lọ́dọ̀ wa, bí oúnjẹ àlejò bá gbé aláìsàn ṣánlẹ̀, májèlé ni ẹbí yóò máa pè é títí láé.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀daràn là ń wá. Oògùn tó tọ́ là ń wá."

Àbúrò bàbá mi bú sẹ́kún. "Dòdò ni! Ẹ̀gbọ́n mi ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí n fi sábẹ́ ìborùn, kí sájẹ́ǹtì yìí má bàa rí i. Mo ti pa ẹ̀gbọ́n mi o!"

Èmi ni sájẹ́ǹtì. Nọ́ọ̀sì ti sáré lọ pe dókítà. Wọ́n gún bàbá mi lábẹ́rẹ́, a sì dúró, kò sẹ́ni tó lè jókòó, títí bàbá mi fi lajú tí wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Ìyá mi kúnlẹ̀ fún àbúrò ọkọ wọn níwájú gbogbo èèyàn. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹnu yín ló gbà wọ́n là."

Bàbá mi tún lo ọdún díẹ̀ sí i. Èmi náà ti ń dàgbà báyìí, síbẹ̀ àyà mi ṣì ń já bí mo bá rántí bí èmi àti àbúrò bàbá mi ṣe dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè nọ́ọ̀sì. Àwa méjèèjì la fẹ́ràn ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, oníkálukú sì ń dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.