Òtútù Àyà

Ojú ń tì mí láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Mo mọ ẹ̀dọ̀fóró yà nígbà náà. Bí tíṣà bayọ́lọ́jì wa bá ti gbé ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́, màá ya ọ̀nà ọ̀fun, màá ya ẹ̀ka rẹ̀ méjèèjì tó wọ inú àyà, títí dórí àwọn àpò kéékèèké tí atẹ́gùn ń wọ̀. Mo mọ àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà, mo sì ń pe orúkọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì láìkọsẹ̀. Èmi ni mò ń gbapò kìíní níléèwé wa ní Okumagba Layout. Ìgbéraga mi nígbà yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ìjẹ̀bú ni ìyá mi, ike ni wọ́n ń tà lọ́jà Igbudu níbẹ̀, níbi tí Yorùbá kì í ti í ṣe èdè ìlú. Bí wọ́n bá bá mi sọ Yorùbá nílé, Pijin ni mo fi ń dá wọn lóhùn, torí "Ngbàtí" ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pe ẹnikẹ́ni tó bá sọ Yorùbá létí wọn. "Ngbàtí, how far?" Wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì bá wọn rín in, ọ̀dẹ̀ ni mí!

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, wá kí wa láti Ìjẹ̀bú. Wọn ò gbọ́ Pijin rárá. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni ikọ́ mú wọn. Ìyá mi ní kí n sìn wọ́n lọ sí kílíníkì kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, kí n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún nọ́ọ̀sì. Ta ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀? Ọmọ kíláàsì mi méjì.

Nọ́ọ̀sì bèèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Ìyá àgbà ò mọ ọ̀rọ̀ sọ jẹ́jẹ́. "Sọ fún un pé òtútù àyà ni! Bí mo bá mí sínú, àfi bíi pé wọ́n ń fọ̀bẹ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí mò ń tu ti ń pọ́n!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ara mi gbóná. Mo kọjú sí nọ́ọ̀sì, mo ní, "Na cold dey catch am."

Òtútù ń mú wọn. Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Lóòótọ́, mi ò mọ̀ pé òtútù àyà kì í ṣe òtútù lásán; mo rò pé wọn ò wọṣọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ wọn ketekete. Ìyá àgbà bi mí pé, "Ṣé o sọ gbogbo rẹ̀?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì fún wọn ní parasítámọ̀, a sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ kẹrin, èémí ò já gaara mọ́. Ìyá àgbà jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ń fi èjìká fa atẹ́gùn, ètè wọn ti dúdú. Ìyá mi figbe ta. A gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù ńlá, dókítà sì ní numóníà ni.

"Òtútù àyà!" ni ìyá mi kígbe. "Òtútù àyà tí Màmá ti ń pariwo láti ọjọ́ yìí!"

Numóníà. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gbà á. Ojú gbà mí tì.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, abẹ́rẹ́ ràn wọ́n. Ṣùgbọ́n inú ìyá mi ò rọ̀. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sí kílíníkì yẹn, wọ́n bú nọ́ọ̀sì bí ẹni láyin. Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí mi: "Na only cold she tell me o!" Ìyá mi ní irọ́ ni, ọmọ òun tó mọ bayọ́lọ́jì ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láé. Wọ́n bi mí lójú rẹ̀. Mo ní mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Omi lé ròrò sójú nọ́ọ̀sì náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ku èmi àti Ìyá àgbà nìkan nílé, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Mi ò gbọ́ èdè yín," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn gùn. Kí ló dé tí tìrẹ fi kúrú bẹ́ẹ̀?"

Mo wolẹ̀. Wọn ò jágbe mọ́ mi. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Wọ́n mu ẹ̀kọ díẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé mò ń dójú tì ọ́ ni, ọmọ mi?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, mo sì mọ̀ ọ́n ní Yorùbá. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "No o, Mama."