Ta Ló Máa Tẹ Rárá fún Màmá?

Bí ọkọ̀ yín bá ń kọjá ní Lọ́tò, ní Mówè, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tí ẹ sì gbọ́ ohùn kan tó ń pariwo pé "Ẹ gbé ẹyọ kan lọ síwájú!", ẹ má fòyà. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Tíṣà Sẹ̀gilọlá ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ìṣirò. Àìmọye awakọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn ló ti sáré de bẹ́líìtì nítorí ohùn yẹn. Obìnrin kan ní Ìbàfò tiẹ̀ sọ fún mi pé òun kì í wo aago mọ́. Bí òun bá ti gbọ́ Tíṣà báyìí, òun á gbé ìrẹsì kaná.

Wọn ò bí ohùn náà mọ́ ọn o. Iṣẹ́ ló fún un. Ọgọ́ta ọmọ ló wà ní kíláàsì rẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì mẹ́rìnlá. Àwọn tó wà níwájú ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tó wà láàárín ń gbọ́ ìdajì. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá, ìròyìn ni wọ́n ń gbọ́ láti ẹnu àwọn ará àárín, kí ìṣirò sì tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yìn yẹn gan-an ló ń dun Tíṣà. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ifọ̀, ẹ̀yìn ni òun náà ń jókòó sí. Títí ó fi dé kíláàsì karùn-ún, kò sí tíṣà kan tó mọ̀ bóyá ó mọ̀wé tàbí kò mọ̀wé, torí kò sí èyí tó bi í ní ìbéèrè rí. Ọjọ́ tí ẹnì kan wá bi í, ẹkún ló bú sí. Láti ọdún méjìlélógún tó ti ń kọ́ni, nǹkan kan ṣoṣo ló ń wá: bí òun ṣe máa bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kí wọ́n tó lu aago ìparí. Ó ti ṣírò ó. Bí ọmọ kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, wákàtí mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Aago méjì ni wọ́n sì ń lu aago.

Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò gba òrùlé kọjá nígbà tí ẹgbẹ́ aláàánú kan gbé tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́fà wá sí ilé ìwé náà. Áàpù kan wà nínú wọn tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní èdè Yorùbá, tó sì máa ń bi ọmọ ní ìbéèrè léraléra títí ó fi máa yé e. Ọ̀gá Olúsànyà, ọ̀gá ilé ìwé, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ya fọ́tò, ó sì tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú agádágodo mẹ́ta.

"Kí wọ́n má baà bàjẹ́ ni," ó ní.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kọ́bọ́ọ̀dù lẹ fẹ́ kó mọ ìṣirò ni?"

Ọ̀gá lọ ra agádágodo kẹrin. Ni Tíṣà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ láràárọ̀, á kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, á ní "Ẹ káàárọ̀, sà", pẹ̀lú ohùn tí mo ti sọ fún yín yẹn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kó kọ́kọ́rọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá bá a. Ó ní etí òun ń hó.

Àdéhùn kan wà níbẹ̀ ṣá. Ẹgbẹ́ náà á máa rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Máyọ̀kún, wá dán àwọn ọmọ wò lẹ́ẹ̀mẹta ní táàmù kan. Káàdì ìdánimọ̀ mẹ́ta ni Máyọ̀kún máa ń gbé kọ́rùn, bóyá kí ọ̀kan má baà sọnù kó gbàgbé ẹni tí òun jẹ́. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo, tó túmọ̀ sí èso iṣẹ́, ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. "A gbọ́dọ̀ rí ímpáàtì, mà. Ímpáàtì là ń wá." Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá, àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Bùrọ̀dá Ímpáàtì.

Ìdánwò rẹ̀ ò ṣòro: ọmọ mẹ́wàá sí tábúlẹ́ẹ̀tì kan, ìbéèrè kan fún ọmọ kan, máàkì kan fún ìdáhùn tó bá tọ̀nà. Ọgọ́ta ni gbogbo rẹ̀. Bí kíláàsì náà ò bá gba ogójì nígbà tó bá wá lẹ́ẹ̀kẹta, á kó tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ fún ilé ìwé kan ní Òkè-Àró.

Nígbà àkọ́kọ́, mọ́kànlá ni wọ́n gbà. Nígbà kejì, mẹ́sàn-án.

"Mà," Máyọ̀kún ní, ó sì ń nu òógùn, "ẹ má bínú o. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Rárá nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀. Bí a bá fa ewúrẹ́ wá kó máa fi pátákò tẹ̀ ẹ́, á gba ọgbọ̀n."

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn wọ Tíṣà lára dé egungun. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn kíláàsì lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ikram. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ikram, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ sì pọ̀ débi pé bó bá fẹsẹ̀ kọ àga, á ní kí àga má bínú.

Ikram fọwọ́ kan tábúlẹ́ẹ̀tì. Ìyá àgbà kan yọ, gèlè lórí, jígí lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. Màmá Ìmọ̀ lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà." Ikram kúnlẹ̀ fún tábúlẹ́ẹ̀tì.

"Káàárọ̀, ọmọ mi," Màmá Ìmọ̀ dáhùn. "Mo ro mẹ́tàdínlógún pọ̀ mọ́ márùn-ún, ó fún mi ní méjìlá. Ṣé mo gbà á?"

Bọ́tìnnì méjì jáde: Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, àti Rárá, èyí tó pupa. Tíṣà gbọ́ tí Ikram ń kùn sí ara rẹ̀ pé, "Méjìlélógún ni. Wọ́n gbàgbé láti gbé ẹyọ kan lọ síwájú." Ó sì na ìka, ó tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Òdo.

"Ikram! Ṣebí o mọ̀ ọ́n! Kí ló dé tó o tẹ Bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Wọ́n ti dàgbà, Àǹtí."

"Ta ló ti dàgbà?"

"Màmá. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé wọ́n ṣì í ni? Bí ìyá mi bá gbọ́ ńkọ́?"

Tíṣà dìde. "Ta ló ti tẹ Rárá rí nínú yín?"

Kò sí ọwọ́ kan tó yọ. Kòfowórọlá, ọmọbìnrin tó ń jókòó níwájú, tí ẹnu rẹ̀ ò mọ ìsinmi, ló dáhùn fún gbogbo wọn. "Háà, Àǹtí! Ta ló máa tẹ Rárá fún Màmá? Ẹni tí wọn ò kọ́ nílé ni!"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé Tíṣà. Mọ́kànlá àti mẹ́sàn-án yẹn, iye ìgbà tí Màmá Ìmọ̀ fúnra rẹ̀ gbà á ni.

Àwọn tó ṣe áàpù náà mọ̀ pé ọmọ tó bá ń tún àṣìṣe ẹlòmíì ṣe máa ń tètè mọ ìṣirò, òótọ́ sì ni. Wọ́n tún fẹ́ kó ní àṣà Yorùbá nínú, ni wọ́n bá lọ gbé gbogbo àṣìṣe sẹ́nu ìyá arúgbó. Wọ́n bi ọ̀jọ̀gbọ́n méje léèrè. Wọn ò bi ọmọ Lọ́tò kan ṣoṣo.

Tíṣà pe Máyọ̀kún lórí fóònù. "Máyọ̀kún, bá mi ṣí gèlè lórí obìnrin yìí, kó o sọ ọ́ di ọmọdé."

"Ìyẹn á gba ìpàdé mẹ́fà, mà. Bó bá yá, oṣù mẹ́jọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì kù kó wá.

Tíṣà kó àwọn ọmọ jọ. "Ta ló ní ìyá àgbà nílé tó máa ń wá jígí kiri nígbà tí jígí wà lójú wọn?"

Ọwọ́ bíi ogójì lọ sókè.

"Kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń sọ fún wọn, Àǹtí!"

"Ṣé ìwọ̀sí nìyẹn?"

"Rárá, Àǹtí!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ti sọ Rárá fún mi báyìí. Ṣé ilé wó?"

Àwọn ọmọ wo òrùlé. Kò wó. Tíṣà wá sọ fún wọn pé Màmá Ìmọ̀ náà ti ń gbàgbé nǹkan, ìrànlọ́wọ́ ló ń wá lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá rí àṣìṣe, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó ní "Ẹ má bínú, mà", kó sì tẹ Rárá.

Ogún ìṣẹ́jú-àáyá ni áàpù náà ń fún ọmọ. Bí Kòfowórọlá ti kúnlẹ̀ báyìí, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ̀yin lẹ bí wa, ẹ̀yin lẹ tọ́ wa, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, àwọn ará ilé ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́..." Kí ó tó dé orí ìṣirò, àsìkò ti lọ. Ní ẹ̀yìn kíláàsì lọ́hùn-ún, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ títí eruku ò fi jẹ́ kí wọ́n rí tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ ná kí ẹ tó bẹ̀bẹ̀!" Tíṣà pariwo. Mo gbọ́ pé obìnrin Ìbàfò yẹn gbé ìrẹsì rẹ̀ sọ̀ kó tó jinná lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nírọ̀lẹ́, Tíṣà á pọn tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́yìn bí ìbejì lọ́nà mẹ́ta, á gbé wọn lọ gba iná ní ṣọ́ọ̀bù Nọ́fíù tó ń gẹrun. Láàárọ̀, Màmá Ìmọ̀ á bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè, àní àwọn ará ẹ̀yìn. Ikram tiẹ̀ ti ń rọra ṣàlàyé fún Màmá bí wọ́n ṣe ń gbé ẹyọ kan lọ síwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni Màmá ń gbàgbé.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìka àwọn ọmọ ń fò lórí Rárá, orúnkún ń dún gbì, gbì. Nígbà tí wọ́n parí, Máyọ̀kún yẹ tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wò: méje, mẹ́jọ, mẹ́fà, mẹ́sàn-án, méje, márùn-ún. Fóònù rẹ̀ ti kú, torí náà ó fi báírò rò ó sí àtẹ́lẹwọ́, lójú gbogbo kíláàsì, ó sì ń kà á síta. Ó dé mẹ́tàdínlógójì. Ó fi márùn-ún tó kẹ́yìn kún un.

"Méjìlélọ́gbọ̀n," ó ní. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ẹ gbìyànjú gan-an, mà. Ímpáàtì wà. Ṣùgbọ́n ogójì la jọ sọ."

Ó ṣí báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó tábúlẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀. Tíṣà Sẹ̀gilọlá la ẹnu. Ohùn ò jáde. Ohùn tó ń se ìrẹsì ní Ìbàfò, kò lè dé orí tábìlì.

Láti ẹ̀yìn, Ikram ń bọ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Máyọ̀kún. "Ẹ má bínú, bùrọ̀dá."

"Ikram!" Ọ̀gá Olúsànyà bú mọ́ ọn láti ẹnu ọ̀nà. "Padà síbi tó o ti wá! Ṣé o ò rí i pé àgbà ń sọ̀rọ̀ ni?"

Ọmọ náà wo Tíṣà.

"Sọ ọ́, ọmọ mi," Tíṣà ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ gbàgbé láti gbé ẹyọ kan lọ síwájú ni, sà. Mẹ́tàdínlógójì àti márùn-ún, méjìlélógójì ni." Àánú Máyọ̀kún wá ṣe é. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Màmá náà máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀."

Máyọ̀kún wo àtẹ́lẹwọ́. Ó ka ìka rẹ̀, kò tó. Ó yá ìka Kòfowórọlá àti ti ọ̀gá ilé ìwé kún un. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń yọ tábúlẹ́ẹ̀tì jáde nínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì.

"Méjìlélógójì ni. Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n."

Ariwo tó sọ níbẹ̀, n ò fẹ́ bù mọ́ ọn; ẹ ṣáà béèrè lọ́wọ́ àwọn ará OPIC, lọ́nà Èkó lọ́hùn-ún, bóyá wọn ò gbọ́ ọ. Ọ̀gá Olúsànyà ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ náà gbọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé, inú Tíṣà ṣì ń dùn tó fi kọ ọ́ sójú pátákó pé méjìdínlọ́gbọ̀n àti mẹ́fà jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Gbì! Ọgọ́ta ọmọ kúnlẹ̀ pa pọ̀, eruku gba ojú fèrèsé jáde. "Ẹ má bínú, Àǹtí!" Ohùn wọn bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Lórí márosẹ̀, àwọn awakọ̀ de bẹ́líìtì.

Tíṣà sọ fún mi pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kọ ni, láti fi dán wọn wò. Ó wò mí lójú bó ṣe ń sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.