Fíìmù Méjì fún Ọrùn Kan

Gẹ̀gẹ̀ ló wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Ó ti tóbi débi pé bó bá dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ a máa dún. Dókítà ní kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ kó tó dí i lọ́fun. Yèyé kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀.

Nílé wa, a kì í kojú àgbà ní tààrà pé kó lọ dùbúlẹ̀ fún abẹ. Ẹ̀bùrú là ń gbà sọ̀rọ̀. Ni bàbá mi bá dábàá lórí Wọ́sáàpù pé ká gbé fíìmù kan tó gbayì nípa dókítà lọ fún un ní Iléṣà, kó fi kọ́gbọ́n. Àbúrò bàbá mi ọkùnrin, pásítọ̀ tí kì í jẹ́ kí ọmọ ìjọ gba abẹ́rẹ́ àfi bó bá di tara rẹ̀, kọ̀wé pé òun sunkún nígbà tóun wo fíìmù náà. Bàbá mi lóun náà sunkún. Àwọn méjèèjì kò tíì fẹnu kò láti ìgbà tí wọ́n ti pín oko kòkó ní Ifẹ̀wàrà. Ó yẹ kí n ti fura.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbéra láti Ọ̀fàtẹ̀dó, fíìmù wà nínú fláàṣì mi; bàbá mi àti pásítọ̀ náà wá bá mi nílé Yèyé. Yèyé tí èémí ń gé ló gúnyán fún wa. A jẹ ẹ́ tán, a wá ní ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àánú.

Fíìmù kò tíì jìnnà tí pásítọ̀ fi ní èyí kọ́ lòun wò. Nínú tirẹ̀, dókítà gbé abẹ jù sílẹ̀, aláìsàn fi àdúrà dìde. Nínú ti bàbá mi, wọ́n la aláìsàn, ó sì jó lọ sílé. Orúkọ kan náà ni fíìmù méjèèjì ń jẹ́, wọn kò sì bá ara wọn tan. Pásítọ̀ yọ fláàṣì tirẹ̀ láti inú àpò Bíbélì. Bí ọ̀kan bá ti fláàṣì tirẹ̀ bọ tẹlifíṣọ̀n, èkejì á fà á yọ. Bàbá mi ní àwọn tó ṣe fíìmù pásítọ̀ kò dé ọsibítù rí. Pásítọ̀ ní ṣé dókítà ti bàbá mi ti fi abẹ gé èékánná rí? Òtítọ́ ló wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ojú tì mí fún wa.

Yèyé bi wá pé, "Bí mo bá gbà, ta ló máa sùn tì mí ní ọsibítù nínú yín?"

Ta ni kò mọ̀ pé aláìsàn gbọ́dọ̀ ní ẹni tirẹ̀ tí yóò máa sáré ra oògùn, tí yóò pọnmi, tí yóò tẹ́ ẹní sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Pásítọ̀ ní òun ní ìṣọ́ òru. Ẹ̀yìn ń dun bàbá mi. Èmi ń wo fóònù tí ẹnikẹ́ni kò pè.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bàbá mi ní ká kúkú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fíìmù àbúrò òun. Pásítọ̀ ní rárá o, ti ẹ̀gbọ́n ni kó ṣíwájú.

Yèyé dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ayálégbé mi ti ká ẹní rẹ̀ sílẹ̀," ló wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun làwa méjèèjì ń lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin ẹ máa wo fíìmù yín nílé yín."