Àmúdàtù àti Ìgbín Inú Mítà

Ẹ sún mọ́ bí, nítorí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo sọ. Àmúdàtù lorúkọ rẹ̀. Agboolé kan ló ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lẹ́yìn Ìdúmọ̀tà, níbi tí ilé ti fara ti ilé débi pé bí o bá sín ní yàrá rẹ, aládùúgbò ni yóò kí ọ pé pẹ̀lẹ́. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó fẹ́ ọkọ wọ ibẹ̀. Ọkọ ti kú, àwọn ìyáálé tó bá nílé ti lọ, òun náà ló wá di ìyáálé. Kò mọ̀wé kà. Síbẹ̀ ohun kan wà tó máa ń kà lójoojúmọ́: mítà iná.

Mítà àtijọ́ ni, dúdú, lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, lókè ibi tí wọ́n ń to búùtà àlùwàlá sí. Lẹ́yìn dígí rẹ̀, irin pẹlẹbẹ róbótó kan ń yí, àmì pupa kan sì wà létí irin náà. Bí wọ́n bá ń lo iná púpọ̀, á máa sáré. Bí ó bá kéré, á máa wọ́ lọ. Bí gbogbo ilé bá pa nǹkan wọn, á dúró jẹ́ẹ́. Àmúdàtù a máa sọ fún àwọn ọmọ ilé pé ìgbín kan ló ń gbé inú àpótí yẹn, pé kì í sùn àfi bí gbogbo wọn bá sùn.

Kó tó jáde, kó tó kírun, á kọ́kọ́ lọ wo ìgbín rẹ̀. Ẹ má rò pé eré ni. Ní ọdún kẹta tó dé ilé ọkọ, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ, ó tilẹ̀kùn, ó gba ọjà Sandgrouse lọ. Nígbà tí wọ́n dá iná padà, kò sẹ́ni nílé. Yàrá méjì jó ráúráú. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ará àdúgbò tó ń gbé omi sáré, òun ni kò jẹ́ kó di odindi agboolé. Ẹnì kankan ò kú, ṣùgbọ́n àpótí aṣọ ìyàwó Àmúdàtù wà nínú yàrá kejì. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ di iṣẹ́. Bí gbogbo ilé bá ní àwọn ti pa nǹkan, tí ìgbín ṣì ń rìn, ẹnì kan ti gbàgbé nìyẹn. Á kan ilẹ̀kùn kiri títí á fi rí i.

Àfi bí lẹ́tà ṣe dé. Memunat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló kà á.

"Màmá, àwọn oníná ni. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ làwọn ń bọ̀ wá yọ mítà wa, àwọn á fi tuntun síbẹ̀, èyí téèyàn ń ra iná sí kó tó lò ó. Wọn ò ní gbowó mítà."

"Ta ló bẹ̀ wọ́n?"

"Wọn ò ní ẹnì kankan bẹ àwọn."

"Èyí tí wọ́n ń gbé bọ̀, ṣé nǹkan kan ń yí nínú ẹ̀?"

Memunat wo iwájú lẹ́tà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀."

Mọ̀núrù wà nítòsí, ọmọ àbúrò ọkọ Àmúdàtù, tó ń ta ṣájà àti wáyà ní Ìdúmọ̀tà. Ẹ̀rín ti gbé e. "Ìyá Àgbà, nọ́ńbà lásán ló wà lójú ìyẹn. Orí òpó níta ni wọ́n máa ń gbé e kọ́. Ìgbín yín ti dọbẹ̀."

"Lánàá tó o jáde, tó o fi fáànù sílẹ̀ kó máa fẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ta ló wá bá ọ pa á?"

Mọ̀núrù fọwọ́ ra orí, ó wọlé lọ.

Ṣùgbọ́n Àmúdàtù ò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ṣé èèyàn lè fi tipá yọ nǹkan lára ògiri ilé ẹ? Ó bi àwọn ará àdúgbò léèrè. Àwọn kan ní rárá, ilé ẹni nilé ẹni. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá kọ̀, òkùnkùn ló máa jókòó sí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe òkùnkùn. Àtùpà wà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ọjọ́ tí áyọ́ọ̀nù mìíràn yóò wà lórí aṣọ, tí kò ní sí nǹkan tí yóò sọ fún un.

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, ó gbé àga sábẹ́ mítà, ó jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Obìnrin kan ló wọlé, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ọkùnrin kan tó gbé àkàbà tẹ̀ lé e. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó ní Ọpẹ́olúwa lòun ń jẹ́, àwọn oníná ló rán òun.

"O káre, ọmọ mi. Bí mo bá ní mi ò gbà ńkọ́?"

Ọpẹ́olúwa sọ àpò kalẹ̀. "Mi ò ní parọ́ fún yín, mà. Òfin gbà wá láyè láti ní dandan ni kẹ́ ẹ gba mítà. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, wọ́n lè yọ wáyà ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò rán mi wá jà. Kí ló wà lára ẹ̀ tẹ́ ò fẹ́?"

Láti ìgbà tí lẹ́tà ti dé, ẹnì kankan ò tíì bi í bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, áyọ́ọ̀nù, àpótí aṣọ ìyàwó, títí dórí ìgbín. Ọpẹ́olúwa ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ mítà tuntun nínú páálí, ó fi ìka kan ohun kékeré kan bí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀.

"Ẹ wo ojú yìí. Bí ilé bá ń lo iná, á máa ṣẹ́jú, pupa. Bí ìlò bá pọ̀, á máa ṣẹ́jú kíákíá. Bẹ́ ẹ bá pa gbogbo nǹkan, kò ní ṣẹ́jú mọ́."

"Tó bá wà lórí òpó níta, ojú wo ni mo fẹ́ fi rí i?"

"Òótọ́ lẹ sọ. Mítà ni dandan, mà. Ibi tá a máa gbé e sí, ìyẹn la lè jọ sọ." Ó bọ́ síta lọ pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. "Ó ní kò burú, ká gbé e síbi tí tàtijọ́ wà, bẹ́ ẹ bá ti lè ṣílẹ̀kùn fún wa nígbà tá a bá wá yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ìgbà wo nilẹ̀kùn ibí ti tì rí?" Àmúdàtù dìde lórí àga. "Àmọ́ màá fojú ara mi rí i kẹ́ ẹ tó lọ."

Wọ́n mú iná kúrò. Láìpẹ́ ni Mọ̀núrù, tó ń múra ọjà, jáde láti ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú eyín tó ń gbá ara wọn. "Omi tútù ni mo fi wẹ̀ lónìí. Nítorí mítà."

"Omi tútù kì í pa ìgìrìpá ọkùnrin bíi tìẹ," ni Memunat fi dá a lóhùn.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Àmúdàtù ní kí gbogbo ilé pa nǹkan wọn. Wọ́n ń dáhùn láti yàrá dé yàrá: a ti pa á, a ti pa á. Ọpẹ́olúwa dá iná padà. Ojú pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú wéréwéré.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?"

"Rárá, mà. Nǹkan kan ń fa iná nínú ilé yìí, nǹkan ńlá."

"Mítà yín ti bàjẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ni Mọ̀núrù wí.

Àmúdàtù ò gbọ́ ìyẹn, ó ti lọ. Ó wo yàrá Memunat, wọ́n ti pa fìríìjì. Ó wo ti àwọn ọmọ, kò sí nǹkan. Ó dé ẹnu yàrá Mọ̀núrù, ó na ọwọ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ìyá Àgbà, mi ò tan nǹkan kan."

"Mo ní kó o mú un wá."

Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí ni òórùn rọ́bà jíjó kọlù wọ́n. Bọ́ílà, irin oníná tó fi ń se omi ìwẹ̀, ló wà nínú korobá òfìfo. Nígbà tí wọ́n mú iná ló da omi sínú korobá mìíràn lọ wẹ̀, ó sì dá bọ́ílà padà sínú korobá láìpa sọ́kẹ́ẹ̀tì. Irin rẹ̀ ti pọ́n bí ẹyin iná, ìdí korobá ti ń yọ́, páálí ṣájà rẹ̀ sì wà níbẹ̀, kò jìnnà tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Àmúdàtù nawọ́, ó pa sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbójú sókè. Ojú pupa náà ti dúró. Kò ṣẹ́jú mọ́.

Ó jókòó sórí àga tó fi ń ṣọ́ mítà láàárọ̀, ó ní "Alhamdulillah," ó sì bú sẹ́rìn-ín títí ìró fi tú mọ́ ọn nídìí. Ohun tó ti ń wúwo lórí àyà rẹ̀ láti ọjọ́ lẹ́tà, kò mọ ìgbà tó bọ́.

Mọ̀núrù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ìyá Àgbà, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí lo ní ó dọbẹ̀ lọ́jọ́sí? Ìgbín mi ni, àbí korobá ẹ?"

Ọpẹ́olúwa, tí kò rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ṣubú sórí páálí mítà.

Memunat ló ń bá wọn tẹ nọ́ńbà sínú mítà nísinsìnyí bí wọ́n bá ra iná. Àmúdàtù ní ìyẹn ò kan òun. Àwọn ọmọ bi í pé ibo ni ìgbín lọ, ó ní ó ti darúgbó, ó lọ sinmi, tanátaná ló gbà á sípò, kòkòrò tó máa ń tàn nínú koríko lẹ́yìn òjò. Kó tó kírun, á dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á pariwo kí wọ́n pa nǹkan wọn, á máa wò ó. Bí tanátaná bá ti dúró jẹ́ẹ́, á gbé búùtà rẹ̀, á lọ ṣe àlùwàlá.