Wọ́n Gbé Fọ́tò Àbúrò Mi Kọ́ Sẹ́nu Géètì

Wọ́n gbé fọ́tò àbúrò mi kọ́ sẹ́nu géètì wọn ní Festac. Gáùn aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó dé fìlà onígun mẹ́rin, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà lórí bánà pé ètò táwọn ń ṣe fún àwọn ọmọ olóye nígbà ọlidé ló gbé e wọ yunifásítì lókè òkun. Wọn ò bi wá kí wọ́n tó lo fọ́tò náà. Ẹ̀sùn kìíní nìyẹn. Ẹ̀sùn kejì ni pé irọ́ ni. Èmi ni mo mú ọmọbìnrin náà débẹ̀, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ bí ẹní mowó.

Ìyá wa, tó ń ta ọjà ní Alákijà, ló kọ́kọ́ gbọ́ nípa ètò náà lẹ́nu oníbàárà rẹ̀ kan. Wọ́n ní tí ọmọ bá ti lè ṣe é, ńṣe làwọn yunifásítì òkè òkun á máa du ọmọ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Òkè òkun sì ni àbúrò mi, àbíkẹ́yìn wa, ń fẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí bó ṣe lè débẹ̀ àfi kí wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

"Ìwọ tó o ti lọ yunifásítì," ni ìyá wa wí, "lọ bá wa wò ó."

Mo lọ. Obìnrin tó ni ètò náà fa àga fún mi. "Mọ́mì, ẹ jókòó."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, mà. Mi ò tíì lọ́kọ, ká má tíì sọ ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì."

"Ọkọ á dé lọ́dún yìí, lórúkọ Jésù. Mọ́mì, ẹ wá wo sàtífíkéètì wa."

Mo bi í pé kí làwọn ọmọ á máa ṣe níbẹ̀. Ó ní wọ́n á gba sàtífíkéètì. Mo tún bi í. Ó ní ayẹyẹ ìparí máa ń lárinrin gan-an.

Ká má parọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dára. Tíṣà kẹ́mísírì kan wà níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bó ṣe wọ kíláàsì, ó bi wọ́n pé, "Omi ilé yín, àwọ̀ wo ló ní?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ń gbé àdúgbò wa tí kò mọ omi yẹn? Á mọ́ gaara bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti dà bíi tíì. Gbogbo ìbọ̀sẹ̀ funfun ilé wa ló ti pọ́n.

"Táńkì ló dípẹtà," ni àbúrò mi dáhùn.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ó ní ohun tí gbogbo àdúgbò ń sọ nìyẹn.

"O ò mọ̀ nìyẹn. O kàn ń sọ ọ́ ni."

Inú bí i délé. Ó lọ gbe omi lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fà á látinú ilẹ̀ gan-an, kó tó dé táńkì rárá, ó sì gbé e sójú fèrèsé. Omi náà pọ́n. Bó ṣe dá táńkì láre nìyẹn. Ló bá tún wá omi lọ sí Satellite Town, ó dé Raji Rasaki Estate, ìgò ike wá kún ojú fèrèsé wa.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá wa ké, "ṣé o ti di alágbo ni?"

Ibi tó wá já sí ni pé ìgò tó bá kún dénu, tó sì dé pinpin, omi inú rẹ̀ kì í tètè pọ́n. Èyí tó bá ṣí sílẹ̀, tó ń mì jìgìjìgì, kì í pẹ́ pọ́n. Atẹ́gùn ló ń bá irin inú omi náà jà. Ó sáré lọ sí kíláàsì láti lọ sọ fún tíṣà. Tíṣà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n sọ àsìkò kẹ́mísírì di àsìkò ìgbáradì fún ayẹyẹ. Wọ́n kó tábìlì tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò lọ síwájú gbọ̀ngàn fún àwọn àlejò pàtàkì. Tíṣà yarí pé àwọn ọmọ òun ò tíì parí iṣẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, wọ́n wá sọ fáwọn ọmọ pé ó rìnrìn àjò.

"Àǹtí mi, wọ́n ń kọ́ wa bí a ó ṣe máa rìn," ni àbúrò mi wí.

"Rìn lọ síbo?"

"Lọ gba sàtífíkéètì."

"Lórí kí ni wọ́n fẹ́ fún yín ní sàtífíkéètì?"

"Lórí ìrìn náà ni."

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, alága ìdúró ní kí òbí kan wá jẹ́rìí oore. Mo dìde, wọ́n ṣàṣìṣe, wọ́n gbé máìkì fún mi. Mo ní, "Ẹ bá mi béèrè ibi tí tíṣà kẹ́mísírì wà." Kí n tó dé gbólóhùn kejì, alága ti gbé orin ìyìn, gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá kan tó jókòó tì mí fà mí láṣọ: "Sístà, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò tán ná, kẹ́ ẹ tó jà." Fọ́tò ọjọ́ yẹn náà ló wà lẹ́nu géètì.

Nígbà tí àbúrò mi ń kọ̀wé sí yunifásítì, mo ní kó fi sàtífíkéètì náà kún un, ó kéré tán, a ti jìyà rẹ̀. Ó wò mí. "Tí wọ́n bá wá bi mí pé kí ni mo kọ́ ńkọ́?" Kò fi í síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ló kọ. Ọkùnrin tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé kì í ṣe táńkì. Ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín, ó wá ń ṣàlàyé títí.

Wọ́n gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mi ò ní sọ pé omi nìkan ló gbé e wọlé. Èsì ìdánwò rẹ̀ dára, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa èwo ló tẹ̀wọ̀n jù. Ohun tó dá mi lójú ni pé wọn ò fojú kan sàtífíkéètì yẹn rí.

Bí mo ṣe rí bánà náà ni mo wọlé lọ.

"Mọ́mì! Ẹ kú oríire ọmọ wa!"

"Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò, mà. Yunifásítì yẹn ò gbọ́ orúkọ yín rí."

"Tíṣà tẹ́ ẹ ń pariwo rẹ̀ yẹn, ṣebí èmi ni mo gbà á síṣẹ́?"

Òótọ́ ni, mi ò sì ní fi dù ú. "Ẹ̀yin náà lẹ lé e lọ, mà. Fọ́tò tirẹ̀ ni kí ẹ gbé kọ́."

Wọ́n tú bánà náà lójú mi, mo ká a, mo gbé e lọ.

Àwọn òbí máa ń bi mí báyìí bóyá irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti wọ yunifásítì. Mo ní kí wọ́n lọ bi àwọn tó ni ín pé kí lọmọ á máa ṣe níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti fi sàtífíkéètì dáhùn, ẹ yáa máa lọlé. Mo tún ń júwe ilé tíṣà yẹn fún wọn; pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí.

Ìyá wa ò jẹ́ kí n ju bánà náà nù. Tí òjò bá ti ṣú ní Alákijà, òun ló ń fi bo àwọn páálí ọjà rẹ̀, tòun ti ẹ̀rín àbúrò mi níta gbangba.

"Ètò yẹn kúkú wúlò," ló máa ń wí. "Omi kì í wọnú rẹ̀."