Ẹ Gbé Fóònù Sínú Páálí

Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, gbogbo ayé lágbègbè wa di olówò adìyẹ. Ìrẹsì kò wọlé láti òdìkejì mọ́, tọ́kì inú yìnyín kò wọlé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹran adìyẹ lọ́jọ́ ọdún, àfi kó sìn ín fúnra rẹ̀ tàbí kó rà á lọ́wọ́ ẹni tó sìn ín. Bí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ayétòrò ṣe di ibi ìwọ́jọ nìyẹn. Òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan ló ń tà, àti oúnjẹ wọn. Awakọ̀ kan ló ń bá a kó wọn bọ̀ láti Abẹ́òkúta nínú páálí oníhò, èmi sì ni mò ń pe àwọn oníbàárà pé kí wọ́n wá gbé tiwọn. "Ìyàwó wa ka ìwé mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ sì dùn lórí fóònù," ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ọkọ mi nìyẹn nígbà tó fẹ́ kí n wá bá òun ṣiṣẹ́. Ọmọ mi kò tíì máa rìn nígbà náà. Ẹ̀yìn mi ló ń gbé, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ náà ló ti ń fa irun mi tí mo bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

Ó jọ iṣẹ́ tó rọrùn, àbí? Ẹrù dé, o pe ẹni tó ni ín, ó wá gbé e, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ní òfin kan ní ṣọ́ọ̀bù yẹn: a kì í sọ fún oníbàárà pé ọjà kò tíì dé.

"Tó o bá ti lè sọ fún un pé kò tíì dé," á ní, "ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ló máa gbà lọ tààrà. Sọ fún un pé ó ti wọ ìlú. Tó bá ti gun ọ̀kadà dé ibí, ibo ló tún fẹ́ lọ? Á jókòó."

Wọ́n sì ń jókòó lóòótọ́. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, láti àárọ̀ ni wọ́n á ti kún orí rẹ̀. Tí mo bá pe awakọ̀, á ní òun ti kọjá àwọn kọ́sítọ́mù, mo sì ń gbọ́ àwọn agbèrò tó ń pe èrò lẹ́yìn rẹ̀ ní gáréèjì Abẹ́òkúta. Tó bá wá gbéra lóòótọ́, wọ́n á tún dá a dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n á ní kó sọ páálí kalẹ̀, kí àwọn wò ó bóyá ìrẹsì ló wà nísàlẹ̀. Bíi pé ìrẹsì máa ń ké pío-pío! Nígbà tó bá fi máa dé, oòrùn ti ń wọ̀, àwọn oníbàárà sì ti bú mi yó. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ó ti gba ẹ̀yìn jáde lọ sọ́jà.

"Ìwọ tó o ní ohùn oyin yìí," bàbá àgbẹ̀ kan wí fún mi lọ́jọ́ kan, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ mi fẹ́ irú rẹ."

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo wá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fún ọmọ lọ́yàn, omijé mi sì ń kán sí i lórí.

Ẹni tí ìwà wa yìí ṣe lọ́ṣẹ́ jù ni obìnrin kan tó máa ń wá láti Ẹ̀gùá. Màmá Ẹ̀gùá ni gbogbo wa ń pè é. Kí wọ́n tó ti bọ́dà, ìrẹsì àti òróró láti òdìkejì ló ń tà, ó sì gbọ́ Faransé tó fi ń nájà àti èyí tó fi ń bú èèyàn. Bọ́dà tì, ọjà rẹ̀ tì. Ló bá yọ yàrá kan nínú ilé rẹ̀ fún adìyẹ. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ wa, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló kú, ẹ̀bi wa sì ni. A ní wọ́n ti wọ ìlú láàárọ̀, ó sì ti dáná èédú sí yàrá wọn kó tó kúrò nílé. Wọn ò dé títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó fi máa gbé wọn délé, èédú ti di eérú, yàrá ti tutù, òjò sì ti pa páálí lójú ọ̀nà. Òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan kò lè fara da òtútù.

Síbẹ̀ ó padà wá. Àwọn tó béèrè fún lẹ́ẹ̀kejì yìí pọ̀ débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ máa kó wọn.

"Ìyá ìkókó," ó wí fún mi, bó ṣe ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ọmọ mi lẹ́nu, "tí àwọn wọ̀nyí bá tún kú, kò sí ohun tí mo tún fẹ́ tà l'Ẹ̀gùá mọ́. Ọmọ mi l'Èkó ti ní kí n wá máa bá òun gbé ọmọ. Mo fẹ́ràn ọmọ-ọmọ mi o, ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Màá máa tọrọ àyè kí n tó húkọ́."

Mo ṣèlérí fún un. Mo ní, "Màmá, kò ní kú."

Ọjọ́ tí ìdajì àkọ́kọ́ máa dé, nǹkan ìyanu ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ kò rí ẹni dá a dúró. Kí oòrùn tó mú, páálí ti wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sáré gbé fóònù.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òròmọdìyẹ yín ti dé."

"Ó dáa. Mo gbọ́."

Mo dúró títí, mi ò rí i. Mo tún pè é.

"Màmá, ṣé ẹ ti gbéra?"

"Mo ti wà lórí ọ̀kadà."

Ọ̀kadà wo? Mò ń gbọ́ igbá tó ń ha ìdí agbada, ṣàá, ṣàá, ṣàá.

"Màmá, ẹ ń yan gàrí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá ìkókó, etí ẹ ò di. Ó dáa, jẹ́ kí n wí fún ẹ. 'Wọ́n ti wọ ìlú' tìrẹ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé awakọ̀ ń bọ́jú. 'Wọ́n ti dé' tìrẹ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti ń wá èrò kún mọ́tò. Mo ti mọ̀ yín. Tí mo bá yan èyí tán, tí mo jẹun, tí mo wẹ̀, wọ́n á dé."

"Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, wọ́n ti dé lóòótọ́!"

"O búra lọ́jọ́sí náà." Ó pa fóònù.

 Òótọ́ ló sọ. Abẹ́ páànù ni ṣọ́ọ̀bù wa, ooru sì ti ń wọlé. Àwọn òròmọdìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo fi ìdérí páálí ń fẹ́ wọn, ọmọ ń ké lẹ́yìn mi, bí mo sì ṣe ń fẹ́ wọn ni mò ń bínú. Mò ń bínú sí ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bínú sí ara mi, mò ń bínú sí Màmá Ẹ̀gùá pàápàá. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní òótọ́ lẹ́nu, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á.

Mo tún pè é. Bó ṣe gbé e, mi ò sọ̀rọ̀. Mo ti fóònù bọ inú páálí, sáàárín wọn.

Nígbà tí mo gbé e padà sétí, ìró gàrí ti dákẹ́.

"Yéè!" Màmá Ẹ̀gùá ké. "Wọ́n ti dé!"

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, gèlè rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gàrí sì lẹ̀ mọ́ ọn lápá dé ìgúnpá. Kò bá mi jà, mi ò bá a jà. Ó gbé páálí rẹ̀ mọ́ àyà, ó lọ, oòrùn sì ṣì wà lókè nígbà tó délé.

Ó sọ ọ́ káàkiri. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó kí oníbàárà tán, á ti ní, "Ẹ gbé fóònù sínú páálí." Màá gbé e síbẹ̀, wọ́n á gbọ́, wọ́n á wá, wọ́n á gbé ẹrù wọn, wọ́n á lọ. Bẹ́ǹṣì ṣófo. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi lọ́sàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi náà rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ṣa òròmọdìyẹ díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn tó dé, ó fi wọ́n sínú baàfù kan lábẹ́ tábìlì. Mo rò pé àánú ni.

Lọ́jọ́ tí ìdajì kejì Màmá Ẹ̀gùá yẹ kó dé, mo fi fóònù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí mo fi máa padà, Màmá Ẹ̀gùá ti wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìyá ìkókó, pẹ̀lẹ́ o. Bá mi gbé tèmi kí n máa lọ. Iná ń jó nílé."

Mo wo inú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí páálí kankan nílẹ̀. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń wo àjà.

"Màmá," mo ní, "wọn ò tíì dé."

"Kí lo wí? Mo fi etí ara mi gbọ́ wọn!"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa baàfù jáde lábẹ́ tábìlì. Àwọn òròmọdìyẹ inú rẹ̀ ti ń hu ìyẹ́. Bí wọ́n ṣe rí ìmọ́lẹ̀, gbogbo wọn ké pọ̀, pío-pío-pío.

Màmá Ẹ̀gùá wò wọ́n títí.

"Háà," ó ní. "Adìyẹ náà ti kọ́ṣẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Mo ti sọ fún ọmọ mi l'Èkó pé kó má tíì retí mi. Ṣé kí n pè é padà?"

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Faransé rẹ̀ tó fi ń bú èèyàn, kò lò ó. Ó kàn lọ.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò tíì gbóhùn sókè sí i rí látìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa sọ òótọ́ fún wọn."

"Òótọ́ la ó jẹ? Ṣé èmi ni mo ti bọ́dà?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ti bọ́dà. Ẹ̀yin lẹ ní kí Màmá máa bọ̀."

"Ẹ wò ó bí ìyàwó ṣe ń gbójú sí mi!"

"Mi ò gbójú sí yín, Ẹ̀gbọ́n. Fóònù rèé." Mo gbé e lé orí tábìlì níwájú rẹ̀. "Ẹ máa pè wọ́n fúnra yín, kí wọ́n máa bú yín. Èmi ń lọ sílé."

Fóònù náà dún. Ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Ó tún dún. Ẹ̀gbọ́n mi lè nájà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò lè gba èébú. "Gbé e," ló sọ níkẹyìn, ó sì jáde gba ẹ̀yìn.

Mo gbé e. Mo pe gbogbo wọn. "Wọn ò tíì dé o, ẹ má wá. Tí wọ́n bá dé, màá pè yín." Ẹnì kan ní òun á rà níbòmíì, ó sì rà níbòmíì lóòótọ́. Bàbá àgbẹ̀ ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀? Níbo lẹ gbé ọmọbìnrin olóhùn oyin yẹn sí?" Màmá Ẹ̀gùá gbọ́, ó pa fóònù. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti pe Èkó.

Lọ́jọ́ kejì, ẹrù dé. Òun ni mo kọ́kọ́ pè.

"Màmá, wọ́n ti dé."

 Mò ń gbọ́ ìró gàrí. Mò ń retí kó ní kí n gbé fóònù sínú páálí.

"Ìwọ ni, tàbí adìyẹ?" ó bi mí.

"Èmi ni, Màmá."

Ìró gàrí dúró. "Mo ti wà lórí ọ̀kadà," ó ní, ó purọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó ń pe ọlọ́kadà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí a ṣe ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, fóònù dún. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ délé ire? Ṣé wọn ò kú?"  Ohun tí mo gbọ́ ni pío-pío, wọ́n pọ̀, ariwo wọn kún ilé, àti Màmá Ẹ̀gùá tó ń rẹ́rìn-ín lókèèrè. Mo gbé e sétí ọmọ mi. Ó dì í mú.

"Ta nìyẹn?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

Mo gbé fóònù sí i létí. Ó gbọ́ ọ díẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀. Mo rò pé ó yé e.

"Sọ fún un," ó ní, "pé oúnjẹ wọn ti dé."

Oúnjẹ adìyẹ kò tíì dé. Kò tíì kúrò l'Abẹ́òkúta pàápàá.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá," mo ní, "oúnjẹ wọn kò tíì dé o."