Ta Ló Pe Ìyá Sobur?

Wọ́n ní Abdulsobur ló pa ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ kiri lórí fóònù, ẹ gbẹ́nu dákẹ́ ná. Èmi Tòún, aránṣọ, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti tiẹ̀ ní Ìgandò. Èmi ni mo rán gbogbo aṣọ tí ọmọláńgidi rẹ̀ wọ̀. Ìṣojú mi ló ṣe.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Sobur. Iṣẹ́ káfíńtà ló wá kọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Báyọ̀dé. Ká má parọ́, iṣẹ́ ọ̀hún ò yé e. Ohun tó mọ̀ ni ohùn èèyàn. Á dúró sẹ́yìn pákó, á pariwo bí ọ̀gá, gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn á fò dìde. Ọ̀gá lé e. Ló bá gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ilẹ̀kùn àlòkù gbẹ́ ọmọláńgidi kan, ó so okùn mọ́ ọn lẹ́nu kó lè máa lanu, kó máa padé. Bàbá Kékeré ló pè é. Ojú igi yẹn ò bá mi lára mu láti ọjọ́ kìíní. Bí mo bá ń wọn ọrùn rẹ̀, ibòmíràn ni mo máa ń wò.

Nínú fídíò àkọ́kọ́ tó gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Bàbá Kékeré bú lánlọ́ọ̀dù. A rẹ́rìn-ín títí. Ó kan ààfáà, ó kan wòlíì, ó kan àwọn ọmọ gáréèjì Ìkọ̀tún. Àwọn kan ní ó gbọ́n, àwọn kan ní àwọn máa fọ́ ọ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni Agnes dé, opó kan láti ìjọ aláṣọ funfun ní Òkè-Odò. Ohùn ọkọ rẹ̀ tó ti kú wà nínú fóònù rẹ̀, ó ní kí Bàbá Kékeré fi bá òun sọ̀rọ̀. Sobur gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta péré. Nígbà tí igi yẹn lanu, tó ní, “Agnes, ṣé o ti jẹun?”, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Agnes sunkún ayọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń bu oúnjẹ ọkọ sórí tábìlì, tó ń jókòó dè é. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà síta, wọ́n ṣẹ́ èpè fún Sobur. Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Òǹwòran rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Kálukú ń gbé òkú tiẹ̀ bọ̀.

Mo ní, “Sobur, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìwọ ń fọ́ wọn lójú.”

Ó ní, “Àǹtí Tòún, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Mò ń tù wọ́n nínú ni.”

Ìyá rẹ̀ ń gbé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ojú wọn ti fọ́. Ẹ sáà mọ̀ pé bí èèyàn bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò rí ẹni tó pè é, kì í dáhùn. Ó lè jẹ́ òkú, ẹni tó bá sì dá òkú lóhùn á bá a lọ. Ẹni tí kò ríran rárá wá ńkọ́? Òfin ti Ìyá Sobur ni pé ẹni tó bá pè wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n léjìká kí wọ́n tó dáhùn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ̀ fún ọmọ wọn: kó má fi ohùn bàbá rẹ̀, tó kú lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, sẹ́nu igi.

Sobur ṣe é. Àwọn òǹwòran ló ń tì í, wọ́n ní òkú olókùú nìkan ló ń fi ṣeré. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan tí òjò ṣú, ó tilẹ̀kùn, ó ní kí n bá òun di fóònù mú, kí n máa ya fídíò. Orí kunkun tèmi náà, mo dì í mú. Bàbá Kékeré lanu. “Ìyá Sobur.” Ohùn arúgbó tí ikọ́ ń bá jà. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Sobur jọ̀wọ́ okùn. Ilé pa lọ́lọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó gbọ́ ìyá láti yàrá ẹ̀yìn.

“Ẹ̀ẹ́n. Mò ń bọ̀, ẹ má kánjú.”

Yéè! Sobur sáré wọlé, mo tẹ̀ lé e. Ìyá ti ń wé gèlè, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màámi, èmi ni! Eré ni! Ẹ sọ pé ẹ ò lọ mọ́, ẹ jọ̀ọ́.” Ó gbé igi náà lé wọn lọ́wọ́, ó tún fi ohùn bàbá pè wọ́n níwájú wọn, kó lè yé wọn pé òun ni. Ìyá fọwọ́ pa imú igi náà, wọ́n pa ẹnu rẹ̀, wọ́n fa okùn rẹ̀ wò. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Mo gbọ́ tìẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo pè mí, mi ò dáhùn. Ṣé ọmọdé ni mí ni? Ìgbà tí o dákẹ́ ni wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní, ‘Olómitútù.’ Omi tútù ni mo kọ́kọ́ bù fún bàbá rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n wá wò mí. Inú yàrá ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Wọn ò pè é létí ọmọ kankan rí.”

Sobur wò mí, mo wò ó. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé yẹn. A gbọ́ fídíò náà látòkèdélẹ̀: ìpè mẹ́ta, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìdáhùn ìyá. Sobur tún dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ìpè náà. Wọ́n fọwọ́ pa á lórí.

“Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń retí kí wọ́n pè mí, Sobur. Má gbà á lọ́wọ́ mi.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá lọ, lórí àdúrà. Wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an.

Sobur fúnra rẹ̀ ló gbé fídíò náà síta, pẹ̀lú ìdáhùn ìyá nínú rẹ̀. Èébú rọ̀ lé e lórí. Inú bí mi. Mo lọ bá a, mo ní, “Orí ẹ dàrú ni? Sọ ohun tí ìyá sọ fún wọn! Ìwọ kọ́ lo pè wọ́n.”

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Àǹtí Tòún, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé èmi ni. Bí kì í bá ṣe èmi, a jẹ́ pé gbogbo òkú tí mo ti fi ohùn wọn pe èèyàn ló wá lóòótọ́.”